Òkè Kírìjì àti Ọgbọ́n Ìdọ̀bálẹ̀

Bí ènìyàn bá dúró sí ẹ̀yìn ìlú Òkèmẹ̀sí ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó gbẹ ìrì, òkè ni yóò máa rí níwájú àti lẹ́yìn, òkè tó tò gbọọrọ láti àríwá lọ sí gúúsù, tí àfonífojì tóóró wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìmẹ̀sí-Ilé wà lẹ́yìn òkè lápá ìwọ̀ oòrùn, bí a bá sì gba ibẹ̀ kọjá, a ó dé Ìgbájọ. Láàárín àwọn ìlú wọ̀nyí ni ogun méjì ti dojú kọ ara wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ti lè gbé ìbọn kí ogun tó túká.

Ogun Kírìjì ni mò ń wí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní Ogun Èkìtìparapọ̀. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ìbọn bá ti dún ní ẹ̀gbẹ́ òkè kan, òkè kejì á gbà á, á dá a padà, ìró náà á sì máa yí lọ nínú àfonífojì títí etí kò fi ní mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àrá ṣe ń sán ní agbègbè wa lóṣù kẹrin mọ̀ pé ẹni tó fún ogun náà ní orúkọ yẹn kò ṣe àsọdùn.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa ìtàn ogun yìí fún wa, àwọn akọni ni wọ́n sì fi ń pa á: Fábùnmi ọmọ Òkèmẹ̀sí tó pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣàkóso ìlú wọn, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà tí wọ́n ń kì ní Agbógungbórò, Ààrẹ Látòósà tó kó ogun Ìbàdàn jáde. Ọlá wọn kò kéré lójú mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà ni ìbéèrè kan ń dàgbà nínú mi tí oríkì kankan kò dáhùn, tí ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ kò sì fẹnu bà. Ọmọ ogun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìdó tàbí láti Ọ̀tùn wá sórí òkè yìí pẹ̀lú ìbọn kan àti àpò ẹ̀tù kan, báwo ló ṣe ń ja ogun náà gan-an? Níbo ló ń dúró? Ìgbà wo ló ń yìnbọn, ìgbà wo ló ń sá pamọ́? Kí ló sì dé tí ogun Ìbàdàn, tó jẹ́ pé òun ló le jù nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà, kò fi lè la òkè wọ̀nyí kọjá?

Mo ti ń wá ìdáhùn sí i fún ìgbà pípẹ́, èyí tí mo sì rí ni pé ìdọ̀bálẹ̀ wà lára ohun tó gba Èkìtì là. Ìdọ̀bálẹ̀ orí ilẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, kí àyà kan iyẹ̀pẹ̀, kí orí má yọ, kí ọwọ́ sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwa tí a mọ̀ pé iwájú ọba àti iwájú àgbà ni ọkùnrin ti ń fi àyà lélẹ̀, ó ṣòro fún wa láti gbà pé akin lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ogun kí ó sì jẹ́ akin síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn ti fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ajẹ́lẹ̀ ń jẹ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn náà ń jẹ, ẹnu ará ìlú kò sì gba ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1878 Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní Òkèmẹ̀sí, ọ̀rọ̀ sì di ti gbogbo ilẹ̀. Ohun tí àwa ọmọ Èkìtì kì í fẹ́ sọ ni ti Jálumi. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún náà, nítòsí Ìkirun, Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn kọlu àwọn ará wa àti àwọn ará Ìlọrin tó wà pẹ̀lú wọn, ó sì tú wọn ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó ń sá lọ kó sínú odò, ibẹ̀ ni orúkọ Jálumi ti wá. Lójú tèmi, inú omi yẹn ni ọgbọ́n Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pàdé Ìbàdàn níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí àyè wà fún wọn láti tò bí wọ́n ṣe fẹ́, ti fún wọn ní ìdajì ìṣẹ́gun kí ìbọn àkọ́kọ́ tó dún.

Ìdí ni pé títò ogun jẹ́ iṣẹ́ tí Ìbàdàn mọ̀ jù lọ. Balógun ní àárín, Ọ̀tún àti Òsì ní ìhà méjèèjì, ipò olúkúlùkù sì wà nínú orúkọ oyè rẹ̀. Àwọn tó wà níwájú á yìnbọn, wọ́n á sún sẹ́yìn láti ki òmíràn, àwọn tó ti kì tiwọn tán á bọ́ sí iwájú. Bí wọ́n bá rí i pé ọ̀tá ń mì, wọ́n á ju ìbọn sí èjìká, wọ́n á fa idà yọ, wọ́n á sáré wọlé. Sísáré wọlé yẹn ló ń tú ogun ká.

Ohun tó jẹ́ kí n lóye ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú ìwé ni ìsìnkú ọdẹ àgbà kan ládùúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà lára àwọn ọdẹ tó wá yìnbọn ẹ̀yẹ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n wo bí wọ́n ṣe ń ki ṣakabùlà, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ti ẹnu kì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó má yára. Ó fi ìdí ìbọn lélẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ga tó àyà òun fúnra rẹ̀. Ó wọn ẹ̀tù láti inú ìwo, ó rọra dà á sínú ọ̀nà ọ̀fun ìbọn, ó fi ìka gbá ẹ̀gbẹ́ irin kí ẹ̀tù lè sọ̀ kalẹ̀. Ó ya àkísà kékeré, ó fi dí i. Ó fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ìbọn yọ, ó fi gún un ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó da ọ̀pá padà sí ipò rẹ̀. Ó ní bí ó bá jẹ́ ti ogun ni, ọta ni yóò tẹ̀ lé e, àkísà mìíràn á tún bò ó. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ìbọn sókè láti tọ́jú ibi tí iná yóò ti ràn. Mo ń ka èémí mi bó ṣe ń ṣe é, ó sì tó ogún.

Mo sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ bá jókòó kẹ́ ẹ máa kì í, ẹsẹ̀ á dùn yín."

Ó wò mí. "Ṣé o kò rí gígùn rẹ̀ ni? Ẹni tó bá jókòó, ibo ni ọwọ́ rẹ̀ á ti tó ẹnu ìbọn? Òró là ń ki èyí."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Òró là ń ki ṣakabùlà. Ọmọ ogun tó bá ti yìnbọn tán ní láti nà dúró ṣánṣán fún ogún èémí, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́, níwájú ẹni tó fẹ́ pa á. Nígbà ogun Kírìjì, òkúta ni wọ́n ṣì fi ń ṣá iná sí ẹ̀tù, nítorí náà bí òjò bá fọ́n sí i, ìbọn náà di igi lásán. Ọta rẹ̀ kò sì lọ jìnnà kí ó tó ṣìnà. Ènìyàn ní láti sún mọ́ ọ̀tá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè rí ojú rẹ̀. Gbogbo títò ogun tí mo sọ lókè yẹn, ti kí àwọn kan yìnbọn kí àwọn kan máa kì, ìdí rẹ̀ kò ju pé wọ́n fẹ́ fi ara bo ẹni tó nà dúró tó ń ki ìbọn lọ.

Nígbà tí ogun Èkìtìparapọ̀, àjọ àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wá gba ẹ̀gbẹ́ òkè lápá Ìmẹ̀sí, tí Ìbàdàn sì pàgọ́ lápá Ìgbájọ, ilẹ̀ náà ti bá wọn dín ìdajì agbára Ìbàdàn kù. Sísáré wọlé kò rọrùn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹni tó ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú idà lọ́wọ́, èémí rẹ̀ ti ń tán kí ó tó dé òkè, ẹni tó wà lókè sì ti ní àyè ogún èémí tó ń wá. Ẹsẹ̀ ẹṣin kò wúlò láàárín àpáta àti igbó. Àwọn ìhà méjèèjì, Ọ̀tún àti Òsì, kò rí ara wọn mọ́ nítorí òkè ti wà láàárín wọn. Síbẹ̀, Ìbàdàn ṣì le, wọ́n sì ń fìyà jẹ àwọn ará wa ní ọdún àkọ́kọ́. Ògèdèǹgbé, tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti Ìta-Ògbólú kí ó wá jẹ́ olórí ogun, mọ Ìbàdàn dáadáa, nítorí wọ́n ti mú un rí. Ohun tó ṣe ni pé ó di ààlà náà mú. Kò sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìbọn tuntun dé. Sìnídà ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹni tó ṣe é. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti 1866, ṣùgbọ́n wọ́n ti gba irú mìíràn tó dára jù ú lọ láti 1871, nítorí náà àwọn àlòkù ń rìn káàkiri lọ́jà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àwọn ẹrú tó padà wálé láti Sàró àti láti Brasil, ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí àwọn náà ń pè ní Èkìtìparapọ̀. Owó àpò wọn ni wọ́n dá, wọ́n ra ìbọn àti ọta, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sókè. Mo máa ń ro ti ẹni tí wọ́n tà bí ẹran, tí ọmọ rẹ̀ wá di oníṣòwò ní Èkó, tó wá ń ra ìbọn fún ìlú tí òun kò fojú rí rí nítorí pé bàbá òun sọ pé ibẹ̀ ni ilé. Kò sí ìgbà tí mo rò ó tí ọkàn mi kì í wú.

Ọ̀nà tí ẹrù náà gbà ṣe pàtàkì. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú àti ọ̀nà Ẹ̀gbá kò ṣí bí Ìbàdàn ṣe fẹ́, nítorí àwọn méjèèjì kò fẹ́ kí Ìbàdàn lágbára sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìlà oòrùn wà, èyí tí Glover, tó jẹ́ alákòóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kí ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀, ti gbìyànjú láti ṣí gba Oǹdó kọjá ní 1872. Wọn á gba orí ọ̀sà, wọn á gòkè sí Oǹdó, orí àwọn aláàárù ni ẹrù náà á sì ti máa bọ̀ dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ ogun tó wà lórí òkè kò lè yìn ju iye ọta tí orí ẹlòmíràn bá gbé wá. Bí a bá ń ka àwọn tó gba Èkìtì là, ó yẹ kí a ka aláàárù mọ́ wọn.

Kí ni Sìnídà yìí ṣe tí ṣakabùlà kò lè ṣe? Àwọn tó ń sọ ìtàn máa ń sọ pé ó ń pa ènìyàn láti òkèèrè, òótọ́ sì ni, nítorí ọta rẹ̀ ń lọ tààrà dé ibi tí ọta ṣakabùlà kò lè dé láéláé. Wọ́n máa ń sọ pé ó ń yára, òótọ́ ni èyí náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín ní ìgbà mẹ́wàá kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ki tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi, tí n kò tíì rí ẹni tó tẹnu mọ́ ọn tó, ni pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kì í. Ènìyàn á ṣí ìdí rẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìdérí àpótí, á ti ọta bọ̀ ọ́, á pa á dé. Kò gba òró. Ènìyàn lè kì í lórí ìjókòó, ó lè kì í lẹ́yìn àpáta, ó sì lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko kí ó máa kì í, kí ó máa yìn ín, láìjẹ́ pé ohunkóhun yọ níta ju fìlà rẹ̀ lọ. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá wá rí ohun tí ìran àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò rí: ó lè jà láìdìde.

Nígbà náà ni ohun gbogbo yí padà ní ààlà náà. Sísáré wọlé di ikú. Aṣọ oyè, agboòrùn, ẹ̀wù olóògùn tó ń tàn yanran, gbogbo ohun tí balógun fi ń fi ara hàn kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí i kí wọ́n sì tẹ̀ lé e, di àmì tí ọlọ́ta ń wò. Ìbàdàn, tí kì í sá fún ẹnikẹ́ni, bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀, wọ́n ń mọ òkìtì iyẹ̀pẹ̀ síwájú ara wọn kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú. Yàrà kì í ṣe ohun tuntun fún wa. Gbogbo ìlú ńlá ló ní yàrà àti odi. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé wọ́n gbé e kúrò lẹ́yìn ìlú lọ sí ojú ìjà gan-an, tí ọkọ́ fi di ohun ìjà bí idà. Ọmọ ogun tó mọ oko ro sàn ju èyí tó mọ ijó ogun lọ. Nígbà tó yá, Ìbàdàn náà wá irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí, ó sì wọ́n wọn lówó gidigidi, ṣùgbọ́n kàkà kí èyí fòpin sí ogun, ńṣe ló tún fi ìhà méjèèjì mọ́lẹ̀ sí i.

Bí a bá wá fẹ́ mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, ìdúró ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn alámì ló ń ṣiṣẹ́ lóru, àwọn ọdẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí ẹni tó mọ bí a ṣe ń rìn tí ìgalà kò fi ní gbọ́ ni ó lè rìn tí ẹni tó ń ṣọ́nà kò fi ní gbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ìjà á gbóná. Bí òjò bá dé, á dẹwọ́. Àgọ́ náà ti di ìlú, ilé wà níbẹ̀, ọjà ń ná, oko wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ àti ẹrù ogun wá. Àwọn kan bímọ síbẹ̀. A kì í sọ èyí tó, bẹ́ẹ̀ òun ló jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ ṣeé ṣe, nítorí kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi àyà lélẹ̀ fún ọdún pípẹ́ bí kò bá sí ẹni tó ń gún iyán lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbàdàn kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ojú ogun márùn-ún ni wọ́n ń kọjú sí lẹ́ẹ̀kan náà: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Kírìjì, Ìlọrin lápá Ọ̀fà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀. Ogun tó ń fi sísáré wọlé borí ni wọ́n so mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ní 1885 láìrí òpin ohun tó bẹ̀rẹ̀, Balógun Ajàyí Ọ̀ṣúngbẹ̀kún sì gba ipò rẹ̀ lójú ogun. Àwọn oníwàásù Yorùbá méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ló ń gbé ìwé àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín àgọ́ sí àgọ́. Àdéhùn 1886 dá òmìnira Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ̀, ó sì fi Ọ̀tan, Ìrẹsì, Adà àti Ìgbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ láti kó lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n fọwọ́ sí i tán lójú ogun. Síbẹ̀ wọn kò túká pátápátá títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹta, 1893, nígbà tí Gómìnà Carter dé. Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n, gbogbo olórí ogun ló sì ti gbọ́.

Òkèmẹ̀sí wà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí, Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní Ọ̀ṣun. Ìlú méjì tó wà ní ẹ̀yìn yàrà kan náà ni ààlà ìpínlẹ̀ wá là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dùn mí, mi ò sì fi pamọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, mo bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kí ó mú mi gun òkè. Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko tí ilẹ̀ ti jìn wọlé díẹ̀ bí ipa odò tó ti gbẹ, àwọn tó ń dáko níbẹ̀ sì ní yàrà ogun ni, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú wọn. Kò jìn ju orúnkún lọ mọ́. Wọ́n ti gbin kókò sínú rẹ̀ nítorí pé omi máa ń dúró níbẹ̀. Mo dúró létí rẹ̀, mo ń wo òkè tó wà ní òdìkejì, mo sì sọ fún un pé gbogbo nǹkan hàn kedere láti ibí, pé ibi tí wọ́n dúró sí dára.

Ó ní, "Wọn ò dúró síbẹ̀. Dùbúlẹ̀ kóo wò ó."

Aṣọ ìsìnkú ṣì wà lọ́rùn mi. Ó ti fi àyà rẹ̀ lélẹ̀ láàárín ewé kókò kí n tó rò ó tán, àgbà ọkùnrin tó jẹ́ pé èmi ló yẹ kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún, nítorí náà mo dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ tutù. Òórùn iyẹ̀pẹ̀ gba imú mi. Gbogbo bí àfonífojì náà ti gbòòrò tó nígbà tí mo wà lóòró ti pòórá. Koríko ni mo ń rí, ewé, àti àlàfo kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ láàárín igi ewé méjì. Mo wo inú àlàfo náà fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀nà tó gun òkè kejì wà láàárín rẹ̀ géérégé, obìnrin kan tó ru igi ìdáná sì ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, mo rí àwọ̀ gèlè rẹ̀, òun kò sì rí wa.